Pápá Ìwàrà Tí Omi Kì Í Dúró Sí

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlá oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024 ni. Kùrukùru bo ojú ọ̀nà láti Òṣogbo títí a fi kọjá Iléṣà. Nígbà tí a dé Ìwàrà, oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n kò mú, àwọsánmà dúdú kan sì dúró sí apá ìlà-oòrùn bí ẹni tó ń retí ẹlòmíràn. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ rárá. Mo kọ èyí ṣáájú nítorí pé àwọn kan ti ń sọ pé òjò ńlá ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀. Òjò ńlá kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí tó rọ̀ kò pẹ́ tó àkókò tí ènìyàn fi ń jẹ àgbàdo sísè kan tán.

Eré kíríkẹ́ẹ̀tì la bá lọ. Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ojú sìmẹ́ńtì tóóró kan wà láàárín pápá, a sì máa ń tẹ́ ẹní líle lé e lórí. A ó gbé igi mẹ́ta dúró sí orí kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Ẹnìkan yóò sáré wá láti orí kan, yóò ju bọ́ọ̀lù kí ó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di pátákó mú ní orí kejì. Oní-pátákó yóò gbá a jìnnà, yóò sì sáré kó àmì. Bí bọ́ọ̀lù bá bá igi mẹ́ta náà, oní-pátákó ti jáde nìyẹn. Àwọn kan mọ bọ́ọ̀lù jù nìkan, àwọn kan mọ̀ ọ́n gbá nìkan. Ẹni tó mọ méjèèjì dọ́gba ṣọ̀wọ́n.

Kápútẹ́nì wa, Ọ̀gá Vasant Ketkar, mọ méjèèjì. Ọmọ Íńdíà ni, láti etíkun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ wọn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló gbé e wá sí Òṣogbo, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbé ní Òkè Baálẹ̀, nínú ilé kan tí ìyàwó rẹ̀ gbin efinrin yí ká. Òun ló kó wa jọ. Jẹnẹrétọ̀ ni mo lọ tún ṣe nílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé. Ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́ ju sípánà sí mi, mo nawọ́ gbà á láìgbójú sókè. Ọ̀gá ní, "Abdullateef, ìwọ ni yóò máa dúró lẹ́yìn igi." Láti ìgbà náà ni mo ti ń lóṣòó lẹ́yìn igi mẹ́ta, tí mo ń gba bọ́ọ̀lù tó bá kọjá lára oní-pátákó.

Ohun tí mo mọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀, ẹnu òun àti ti ìyàwó rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ; n kò rí ìwé ìròyìn tí mo lè fi jẹ́rìí sí i. Wọ́n ní kò tí ì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ẹgbẹ́ agbègbè wọn pè é. Wọ́n ní àwọn ènìyàn máa ń gun igi àgbọn tó yí pápá ká láti wò ó. Yóò gbá bọ́ọ̀lù láàárọ̀ títí yóò fi sú àwọn tó ń lé e, yóò sì tún jù ú nírọ̀lẹ́ títí igi wọn yóò fi wó tán. Wọ́n fi í ṣe kápútẹ́nì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbé omi fún àgbà. Àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ gbogbo ilẹ̀ Íńdíà ti ń béèrè orúkọ rẹ̀.

Ìdíje àṣekágbá kan ló bà á jẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ pápá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní ilẹ̀ náà kò dára, bọ́ọ̀lù yóò máa ta sókè lójijì, yóò sì fọ́ ẹnìkan lórí. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n gbé ife fún ẹgbẹ́ kejì. Ní ọjọ́ kejì, àwọn mìíràn gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ kan náà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orúnkún ẹnìkan kò bó. Ìwé ìròyìn wọn pè é ní kápútẹ́nì tó sá. Wọn kò tún pè é mọ́, kò sì tún sí ẹni tó gun igi àgbọn nítorí rẹ̀.

"Títí di òní, mo gbà pé òótọ́ ni mo sọ," ló sọ fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, "ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò jẹ́rìí mi."

Gbogbo wa mọ ìtàn yìí kí a tó lọ sí Ìwàrà. Ó ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún báyìí, ó sì ti sọ pé lẹ́yìn ìdíje yìí òun yóò fi pátákó sílẹ̀. Ìdíje yìí nìkan ló kù fún un láti jẹ́ orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n sọ ọ́ ní ilé.

Ẹgbẹ́ Iléṣà la fẹ́ bá pàdé. Ìdí tí a fi lọ sí Ìwàrà ni pé omi ti gba pápá Òṣogbo, ó sì ti gba ti Iléṣà, nítorí òjò ọ̀sẹ̀ náà. Pápá Ìwàrà nìkan ni omi kì í dúró sí. Ọmọ ìlú kan tó ń gbé ní òkè òkun ló ṣe ojú sìmẹ́ńtì ibẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin oníkòkó fi rí i pé kò sí ibi tó dára tó o láti sá kòkó sí. Ìlú wá là á láàárín wọn: kòkó ni yóò máa wà níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta wọn yóò gbá a mọ́ fún àwọn ọmọ tó ń ṣeré, tí a bá sì ti ká ẹní wa, àwọn obìnrin yóò tún tẹ́ kòkó wọn padà kí oòrùn tó rọ̀.

Màmá Lábíkẹ́ ni olórí wọn. Òun àti Àdíját, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti jókòó ti agbọ̀n kòkó ńláńlá lábẹ́ igi obì kí a tó dé. Èdè Ìjẹ̀ṣà ni Màmá ń sọ. Èmi ọmọ Òṣogbo kò gbọ́ ọ já dé gbòǹgbò, nítorí náà mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ bí ó ṣe yé mi, ní èdè tí gbogbo wa lè kà.

"Bàbá Íńdíà, ẹ káàbọ̀ o!" ni ó kígbe. "Ẹ tètè nà wọ́n, ẹ jẹ́ kí a rí ibi sá kòkó. Èyí tó wà nínú agbọ̀n yìí ti fẹ́ hu irun."

Ọ̀gá Ketkar rẹ́rìn-ín, ó kí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì ní àyà. Ó gbọ́ Yorùbá ju bí ó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó na ìka sí ilẹ̀, ó ní, "Màmá, òjò àná, ó rọ̀ níbí?"

"Ó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á láti inú àgbá."

"Omi dà?"

Màmá Lábíkẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ilẹ̀ ti mu ún! Ilẹ̀ olóore ni tiwa. Kí òjò tó dá, ó ti gbẹ. Ẹ lọ bi àwọn ará Ìpérindó bí tiwọn bá rí bẹ́ẹ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún tó kọjá. Tẹ́lẹ̀, ìgbálẹ̀ la máa ń fi gbá omi kúrò lórí rẹ̀, ẹ̀yìn a sì máa dùn wá. Èyí tí Ọlọ́run ṣe fún wa nìyí."

Mo rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú Ọ̀gá. Ó wo igbó kòkó tó wà lẹ́yìn pápá, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ sọ́nà odò. A kò rí nǹkan kan níbẹ̀ àyàfi igi. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ń rìn ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló mọ̀ pé àwọn awakùsà góòlù ń bẹ ní etí odò, tí wọ́n ń gbẹ́ ihò bí òkété, ẹnìkan kò sì mọ ibi tí ihò kan parí sí.

Ẹgbẹ́ Iléṣà ló kọ́kọ́ di pátákó. Kápútẹ́nì wọn ni Marvellous Ṣíjúadé, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Onídàájọ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Awóṣọlá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Akeem wa ló kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù láti orí ojú sìmẹ́ńtì tó sún mọ́ ìlú. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ balẹ̀ ní orí kejì, èyí tó sún mọ́ igbó, níbi tí mo lóṣòó sí. Mo tẹ́ ọwọ́ dé àyà láti gbà á, nítorí bí Akeem ṣe ń jù ú nìyẹn, àyà ló máa ń dé. Bọ́ọ̀lù náà kò sókè. Ó fà nílẹ̀ kọjá láàárín ẹsẹ̀ mi bí eku tó ń sá.

"Lateef!" ni Akeem pariwo. "Ṣé o ti sùn ni? Ṣé kí a wá tẹ́ ibùsùn fún ọ?"

Mo rò pé ẹ̀bi mi ni. Ó tún jù ú, ó tún fà nílẹ̀. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gba bọ́ọ̀lù náà, ó jù ú láti orí tó sún mọ́ igbó sí orí kejì. Ó ta dáradára, ó sì wó igi oní-pátákó kan. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kò bá wọn yọ̀. Ó rìn padà sí orí tó sún mọ́ igbó, ó gbé pátákó kan, ó ń fi ìdí rẹ̀ kan ẹní díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onílé tó ń ṣàìsàn. Láàárín ojú sìmẹ́ńtì, ó dún gbẹ. Nígbà tó dé etí, dídún rẹ̀ yí padà. Ó dún bí ìkòkò.

"O gbọ́?" ni ó bi mí.

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí sìmẹ́ńtì ibòmíràn ṣe máa ń dún."

"Èmi mọ̀," ni ó wí.

Síbẹ̀ kò dá eré dúró. Mo gbà pé mo mọ ìdí rẹ̀. Ó kàn pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré gba orí tó sún mọ́ igbó jùlọ bí kò bá pọn dandan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa jù ú láti ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú láìsáré, pẹ̀lú ìgbésẹ̀ kékeré, bí ẹni tó ń rìn nínú yàrá tí ọmọ ọwọ́ ti sùn. Síbẹ̀ wọn kò rí i gbá. Bí ó ti dàgbà tó, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń parọ́ fún ojú ènìyàn: ìwọ yóò rò pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lápá ọ̀tún, apá òsì ni yóò gbà wọlé. Nígbà tó kan wá láti di pátákó, ó gbá a kọjá igi obì, kọjá agbọ̀n kòkó, Àdíját sì fi ọwọ́ bo orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ kí a borí. Ẹni tí kò mọ eré yìí pàápàá yóò ti rí i pé ife ìdíje náà ti fẹ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ìgbà náà ni òjò dé.

A sáré ká ẹní náà, a wọ́ ọ lọ sábẹ́ igi. Òjò náà rọ̀ tààrà, láìsí afẹ́fẹ́, ó sì dá lójijì. Omi wà lórí ojú sìmẹ́ńtì, ó ń tàn. Bí a ṣe ń wò ó, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí orí tó sún mọ́ igbó, bí ẹni pé wọ́n pè é. Ó dé etí, ó wọlé. A gbọ́ ọ bí ó ṣe ń wọlé: ó dún bí ẹni tí òùngbẹ ti gbẹ tó ń mu omi láti inú agbè. Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ gbẹ.

Àwọn ará Ìwàrà hó yèè. "Ẹ rí i! Ẹ rí i!" ni Màmá Lábíkẹ́ ń wí. Ó jó díẹ̀. "Ilẹ̀ olóore! Níbo lẹ tún ti máa rí irú rẹ̀?"

Ọ̀gá Ketkar nìkan ló rìn lọ síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí koríko, ní ẹ̀gbẹ́ sìmẹ́ńtì, ó wá dọ̀bálẹ̀ pátápátá pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó gbé etí lé ilẹ̀. Ariwo rọlẹ̀. Àwọn kan rò pé ó ń gbàdúrà. Ó na ọwọ́ sí mi, mo lọ.

"Gbé etí sílẹ̀," ni ó wí.

Mo gbé etí sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbọ́ omi, níbi tó jìn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ nǹkan mìíràn: kọ́, kọ́, ó dákẹ́, kọ́, kọ́, ó dákẹ́. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà bóyá ọkàn mi ló ń lù. N kò lè búra. Ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn kì í dákẹ́ láti sinmi.

"Àwọn ènìyàn wà nísàlẹ̀," ni Ọ̀gá sọ.

Ó dìde. Ojú rẹ̀ ti funfun. Ó wo tábìlì tí wọ́n gbé ife lé, ó wò wá, ó tún wo ilẹ̀. Akeem ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a tẹ́ ẹní padà, ó ti gbẹ." Ọ̀gá rìn lọ sí ibi tí a kó igi sí, ó kó gbogbo wọn sí abíyá, ó sì lọ bá onídàájọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni Awóṣọlá, kò sí eré mọ́. Ilẹ̀ yìí ṣófo."

"Ọ̀gá Ketkar," ni Awóṣọlá dá a lóhùn jẹ́jẹ́, nítorí ó bọ̀wọ̀ fún un, "ilẹ̀ gbẹ. Kò sí òfin tí mo lè fi dá eré dúró nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ."

"Nítorí tó gbẹ ni mo ṣe ń sọ ọ́."

"Bí ẹ kò bá padà, Iléṣà ni mo máa gbé ife fún. Ẹ má jẹ́ kí n ṣe é, ẹ jọ̀wọ́. Ẹ ti borí tán!"

"Gbé e fún wọn. Kí o sì ránṣẹ́ sí àwọn awakùsà etí odò pé kí wọ́n jáde. Ní báyìí."

"Ta ni mo mọ̀ níbẹ̀? Àwọn tó ń sá bí wọ́n bá rí ènìyàn?" Síbẹ̀ ó sọ fún ọkùnrin kan lára àwọn ará ìlú pé kí ó gun alùpùpù lọ wò. Ọkùnrin náà lọ. Ó padà dé, ó ní àwọn tí òun rí lẹ́nu ihò sọ pé ọ̀nà tiwọn kò dé apá ìlú rárá.

Marvellous ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ò rí i? Bàbá Íńdíà tún ti sá! Ṣé wọn ò ṣe é ní ìlú wọn ni? Mo kà á lórí fóònù o! Ẹni tí ejò ò bù ṣán rí, okùn ló ń sá fún!"

Àwọn ọmọ Iléṣà bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó dùn wá jù ni pé àwọn kan nínú wa pẹ̀lú ń wo ilẹ̀. Akeem ní, "Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ jẹ́ kí a parí rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ jókòó."

"Akeem, bí o bá gun orí sìmẹ́ńtì yẹn, èmi kì í ṣe kápútẹ́nì rẹ mọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni Marvellous wí, "ẹ̀rí ni ẹ fẹ́, àbí? A máa fún yín ní ẹ̀rí." Ó na ọwọ́ sí rólà ńlá tí wọ́n fi ń tẹ koríko pápá, irin tí wọ́n rọ kankéré kún inú rẹ̀, tí ó máa ń gba ènìyàn mẹ́fà láti tì. "Ẹ wá, ẹ jẹ́ ká tì í gba orí ilẹ̀ tó ṣófo!"

Ọ̀gá Ketkar sáré dúró níwájú wọn. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ Yorùbá, ó ń sọ èdè tiwọn pẹ̀lú. Ohun tí mo gbọ́ yé ni pé, "Kì í ṣe ẹ̀yin, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan." Wọ́n yà fún un, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Akeem wa lọ bá wọn tì í.

Rólà gun orí sìmẹ́ńtì. Ó yí lọ, ó ń dún gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, ó kọjá àárín, ó dé orí tó sún mọ́ igbó, ó dúró. Ilẹ̀ kò mira. Marvellous fò sókè lórí rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ gìdì. Ilẹ̀ kò mira.

Ariwo tó sọ, n kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Wọ́n gbé Marvellous sí èjìká. Wọ́n gbé ife fún un. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti rólà náà kúrò, kí ó sùn síbẹ̀ kí Bàbá Íńdíà lè máa wò ó bí ó bá ń lọ. Ọ̀gbẹ́ni Awóṣọlá kéde pé Iléṣà ló borí. Bí ó ṣe wà lákọsílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó tí ì yí i padà.

A kó ẹrù wa sínú bọ́ọ̀sì. Ẹnìkan kò bá Ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Iléṣà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lọ sọ́nà. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò wọ ọkọ̀. Ó dúró sí etí sìmẹ́ńtì, ní orí tó sún mọ́ igbó, pẹ̀lú igi mẹ́fà náà lábíyá, bí ọmọ tí wọ́n ní kó má wọlé.

Màmá Lábíkẹ́ àti Àdíját gbé agbọ̀n kòkó dé.

"Ẹ yàgò fún wa, Bàbá."

"Rárá, Màmá. Níbí, rárá. Ẹ lọ sá a sí ibòmíràn."

"Ibo ni ibòmíràn? Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ? Ẹ ti pàdánù bọ́ọ̀lù yín, ẹ wá fẹ́ kí èmi náà pàdánù kòkó mi?"

"Ilẹ̀ kò dára."

"Gbogbo wa rí i tí irin ńlá gùn ún! Àbí kòkó mi wúwo ju irin lọ?" Ó yí sí mi. "Ìwọ ọmọ Òṣogbo, bá mi sọ fún bàbá yìí kí n má bàa bú àgbàlagbà."

Mo bẹ Ọ̀gá. Mo ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ ti ṣe tiyín." Ó mi orí. Màmá gbé agbọ̀n sọ́tùn-ún, Ọ̀gá bọ́ sọ́tùn-ún. Ó gbé e sósì, Ọ̀gá bọ́ sósì. Àdíját ti ń bínú. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀yìn rẹ̀." Ó gbé ẹsẹ̀ kan sórí sìmẹ́ńtì. Ọ̀gá fa igi kan yọ lábíyá, ó fi dá a lọ́nà bí ẹni tó ń dá ewúrẹ́ padà, agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, kòkó sì fọ́n ká sórí koríko.

"Ó lù mí!" ni Àdíját kígbe. Kò lù ú. Mo wà níbẹ̀, igi náà kò kàn án lára.

Màmá Lábíkẹ́ ju agbọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀, ó di Ọ̀gá mú ní ọrùn ẹ̀wù. "Ìyàwó ọmọ mi! Ìwọ àjòjì, ìyàwó ọmọ mi lo na igi sí! Ojo! Ẹni tí ọmọdé nà, tó wá ń fi agbára han obìnrin!" Ó ń fà á, ó ń fà á sẹ́yìn, kúrò ní etí sìmẹ́ńtì, Ọ̀gá kò sì jà. Ó jẹ́ kí ó máa fa òun. Àdíját náà dì í mú ní apá. Èmi di àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú láti là wọ́n. Báyìí ni gbogbo wa fi rìn sẹ́yìn dé orí koríko, pẹ̀lú èébú àti ẹkún.

Ilẹ̀ kò kọ́kọ́ pariwo. Mo rí rólà náà tó tẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ jókòó. Sìmẹ́ńtì là ní àárín, ìdajì rẹ̀ gbé orí sókè, ìdajì tó sún mọ́ igbó sì wọlé pẹ̀lú rólà lórí rẹ̀. Ìgbà náà ni ariwo dé, láti ìsàlẹ̀, ó gùn, ó jìn. Eruku pupa jáde látinú ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu òjò. Lẹ́yìn rẹ̀ a gbọ́ ohùn ènìyàn láti ìsàlẹ̀. N kò lè sọ bóyá ọ̀kan ni tàbí púpọ̀. Kò pẹ́ tó fi dákẹ́.

Màmá Lábíkẹ́ kò tí ì jáwọ́ lọ́rùn ẹ̀wù Ọ̀gá. Ọ̀gá Ketkar ń tún ọ̀rọ̀ kan sọ léraléra ní èdè wọn. Mo bi ìyàwó rẹ̀ léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́, mo sì pè é fún un bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó ní ó túmọ̀ sí, "Ẹ gbé irin náà kúrò."

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà. Àwọn awakùsà etí odò ti sá kí àwọn agbófinró tó dé, kò sì sí ẹni tó jáde láti sọ pé òun ń wá ẹnìkan. Àwọn kan ní ènìyàn méjì ni wọ́n gbé jáde, àwọn kan ní ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò rí i, n kò sì ní kọ iye kan.

Àwọn tó wà lẹ́bàá ibẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ wọlé nìyí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí wọn, fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gá Vasant Ketkar, Màmá Lábíkẹ́, Àdíját àti èmi wà lórí koríko, a di ara wa mú. Ọ̀gbẹ́ni Awóṣọlá wà lábẹ́ igi obì, ó ń ká aṣọ funfun rẹ̀. Akeem wà lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nílẹ̀, ìkan lókè. Àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ wa ti jókòó sínú ọkọ̀. Marvellous Ṣíjúadé àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti dé ojú títì, wọ́n sì padà wá nígbà tí wọ́n gbọ́ ariwo. Ọkùnrin tó gun alùpùpù lọ sí etí odò wà pẹ̀lú wọn. Obìnrin oníkòkó mẹ́ta mìíràn, tí n kò mọ orúkọ wọn, ń bọ̀ láti ọ̀nà ìlú pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Awakọ̀ wa wà nídìí ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí pápá.